Orúnkún Màámi àti Aṣọ Asẹ́

Bí ẹ bá wá Màámi wá sílé wa ní Ìdèrè, tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó dè é, ẹ má wulẹ̀ jókòó. Ó ti lọ ra gàrí ní Tápà, tàbí kó ti gbé e dé Ìgbó-Ọrà, tàbí kó wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń tún igi ìdáná tó tò lánàá tò. Bí ẹ bá sì bá a nílé, òun náà ò ní jókòó tì yín. Á máa kí yín, á máa gbálẹ̀, á máa béèrè àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbálẹ̀ á sì máa lé yín lẹ́sẹ̀ títí ẹ ó fi dìde. Èmi ọmọ rẹ̀, Làtíífàt, yàrá iwájú ilé ni mo ti ń ránṣọ. Mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ débi pé láti ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ẹnì kan ti múnú bí i lọ́jà.

Ìbílọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Tàófíìk ni gbogbo ọjà tó wà láàárín Tápà sí Èrúwà mọ̀ ọ́n sí, torí ẹ̀gbọ́n mi Tàófíìk ni àkọ́bí. Ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Ìrìn rẹ̀ kò jọ ti ẹni ọgọ́ta ọdún rárá, àfi ìgbà tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Kí n tó sọ ti orúnkún, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sòbìà, torí ẹni tí kò bá mọ ti sòbìà ò lè mọ ìdí tí Màámi fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Àwọn ọmọ òde òní ò mọ̀ ọ́n mọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Aràn gígùn kan ni. Inú omi odò ló ti ń wọ inú èèyàn, á pẹ́ níbẹ̀ bí ọdún kan, á wá máa gba ẹsẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora tó ń mú àgbàlagbà sunkún. Ìdèrè mọ̀ ọ́n dáadáa láyé ọjọ́un. Màámi ò tíì di ọmọge nígbà tó yọ lábẹ́ orúnkún ọ̀tún rẹ̀, lásìkò àkọ́rọ̀ òjò, nígbà tí iṣẹ́ oko ń wá gbogbo ọwọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí ẹní yẹn ló wà tí wọ́n fi gbin ẹ̀gúsí, tí ẹ̀gúsí hù, tí wọ́n sì kó o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gba iwájú ilé kọjá lọ sóko, wọ́n á kí i, wọ́n á sì máa lọ. Nígbà tí sòbìà jáde tán, orúnkún ti gan. Ó ní odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan lòun fi kọ́ ìrìn lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà náà ni kò ti jókòó sórí ẹní lọ́sàn-án mọ́. Ẹní ìrun nìkan ló ń gbà, ìyẹn náà, bó bá ti ṣe sálámà tán, ó ti ká a.

Ohun kejì tí sòbìà fi sílẹ̀ fún un ni aṣọ asẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ni àwọn elétò ìlera wá, wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá han àwọn obìnrin bí kòkòrò kéékèèké ṣe ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi odò, wọ́n ní àwọn ló ń gbé ọmọ sòbìà kiri. Wọ́n fún wọn ní aṣọ funfun kí wọ́n máa fi sẹ́ omi mu. Sòbìà ti lọ tipẹ́tipẹ́, ẹ̀rọ omi ti dé, ṣùgbọ́n Màámi ò dáwọ́ dúró. Bí aṣọ kan bá gbó, á ra òmíràn, èmi ni mo sì ń bá a rán etí rẹ̀. Ó ń sẹ́ omi ẹ̀rọ. Ó ń sẹ́ omi òjò. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ti dì nílé iṣẹ́, á já a sínú aṣọ, á sẹ́ ẹ kó tó mu ún. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń wá nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà tí n ò wá nǹkan kan ló wọ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo gbọ́ pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀kan ń tẹlẹ̀, èkejì ń wọ́. Mo béèrè, ó ní kò sí nǹkan. Bó ṣe ń dùn ún tó náà ló ń rìn tó, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bó bá ti Tápà dé, dípò kó fẹ̀yìn ti nǹkan, á tún gba ọ̀nà odò lọ, á ní òun fẹ́ wo igi kan. Ó ṣí ibi ìrun rẹ̀ nípò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé torí afẹ́fẹ́ ni, àfi ọjọ́ tí mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó náà mú kó tó lè gbéra nílẹ̀.

Ọjọ́ kan mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ká ìró sókè, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ara orúnkún náà, ó ń wo awọ ibẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ibi tó máa gbà yọ ló ń wá. Àyà mi já, lẹ́yìn náà ni inú bí mi.

"Màámi, sòbìà ò sí mọ́!"

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé ìwọ lò ń bá a gbé ni?"

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Bọ̀dá Tàófíìk wá kí wa láti Èrúwà, níbi tó ti ń ta símẹ́ńtì àti páànù. Ó dé nígbà tí Màámi ń kírun àlàásàrì, ó sì fojú ara rẹ̀ rí òpó àti ọwọ́ méjì. Kò jẹ́ kó ká ẹní tán.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, kí ẹ máa bọ̀ nílé mi. Àga wà, fáànù wà, àwọn ọmọ á máa bá yín ṣeré. Kí ẹ kàn jókòó, kí ẹ máa sinmi."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ ló sọ yẹn. Màámi wò ó látòkè délẹ̀.

"Kí n jókòó ṣe kí ni?"

"Kí ẹ sinmi, Màámi."

"Mo ti sinmi rí. Ẹ̀gúsí hù lójú mi."

Wọ́n fà á títí. Ohùn Bọ̀dá lọ sókè, ó tún wálẹ̀, ó di ẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé ọjọ́ kan wọ́n á pe òun pé Màámi ṣubú lójú títì tòun ti igbá gàrí. Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé bí wọ́n bá fi Màámi sórí àga ní Èrúwà, kò ní pẹ́ lórí àga náà. Àárẹ̀ ọkàn ló máa pa á. Èmi náà á sì wà nínú ilé tí kò sí ìró ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Màámi fúnra rẹ̀ ló gé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ìléyá ń bọ̀. Ní yídì, lójú gbogbo ìlú, bí mo bá forí kanlẹ̀ tí mo sì dìde láìdi nǹkan kan mú, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, o ò ní dárúkọ Èrúwà sí mi létí mọ́. Bí n ò bá lè dìde, kó o gbé mi láti yídì lọ sílé rẹ."

"Màámi, wọ́n gbà kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kírun lórí àga. Ọlọ́hun gbà á."

"Ọlọ́hun gbà á. Èmi ni n ò gbà."

Ọjọ́ kejì ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìgbó-Ọrà, lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Bámiṣẹ́, obìnrin kan tí mo máa ń ránṣọ fún. Ó ní kí Màámi gorí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan di itan rẹ̀ mú, ó fi èkejì ká ẹsẹ̀ náà, ó nà án. Orúnkún ró kó.

"Kì í ṣe sòbìà, Màmá. Oríkèé ló ń gbó. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí èkejì ló ń tán lọ. Èyí tó ti ṣe yín lọ́mọdé dá kún un, ẹrù orí náà sì dá kún un."

"Ẹ dájú pé kì í ṣe òun?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ tún un wò, Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún un wò, kò sì bínú. Mo rí i tí èjìká Màámi wálẹ̀ díẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oògùn. Bọ̀dá ti fi agolo lẹ́búlẹ́bú kan ránṣẹ́ láti Èrúwà, fítámì ni, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó wà fún oríkèé ara. Mo mú un dání lọ. Nọ́ọ̀sì kà á yíká.

Ó ní, "Fítámì C wà nínú rẹ̀, ara máa ń lò ó láti fi ṣe iṣan tó so eegun pọ̀. Ọsàn àti gúáfà náà ní in. Fítámì D náà wà níbẹ̀. Oòrùn máa ń fún wa, ẹja àti ẹyin náà ní díẹ̀, eegun sì nílò rẹ̀. Kò ní pa yín lára, ó sì lè ràn yín lọ́wọ́, pàápàá bí ara yín ò bá ní in tó. Ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín. Fítámì kì í sọ orúnkún tó ti gbó di tuntun. Ẹ máa pò ó mómi, kí ẹ máa mu ún láràárọ̀. Kí ẹ sì máa di ògiri mú, kí ẹ máa ká orúnkún yẹn, kí ẹ máa nà án, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi orí ru gàrí mọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà máa gbé e. Bí ẹ bá sì rìn, kí ẹ máa jókòó sinmi díẹ̀."

Màámi gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ti ìparí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mu fítámì náà, ẹ̀yìnkùlé ló ti lọ pò ó, ó sì ń nu ẹnu bọ̀. Bó ṣe wọlé báyìí ló tẹ orúnkún wò.

"Kò ṣiṣẹ́."

"Màámi, ife ṣì wà lọ́wọ́ yín!"

Ìwàǹwára rẹ̀ fẹ́ ya mí ní wèrè. Ó ń mu ún láràárọ̀, ó ń tẹ orúnkún wò láràárọ̀, á pè mí kúrò nídìí ẹ̀rọ pé kí n wá wò ó bóyá ó ti wálẹ̀ ju tàná lọ. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Á di ògiri mú, á fi tẹ̀sùbáà kọ́ ọrùn ọwọ́, á máa lọ sílẹ̀, á máa bọ̀ lókè, á máa ṣe tásíbìì lọ, títí ojú ọwọ́ rẹ̀ fi hàn lára ọ̀dà ògiri. Gàrí bọ́ sórí ọ̀kadà. Ó ń pariwo pé owó ọ̀kadà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń san án. Nígbà tí ó ṣe, mo gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ mi: ẹsẹ̀ tó ń wọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń tẹlẹ̀. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo gbọ́ ọ dáadáa, omi sì lé sí mi lójú.

Fítámì ló gba gbogbo ìyìn. Màámi wàásù rẹ̀ ní ọjà Tápà bí ẹni pé òun ló ń tà á. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ mi wá béèrè irú agolo tó ń mu. Bọ̀dá gbọ́ ní Èrúwà, ó tún ra méjì sí i, ó ń gbéra ga fún mi lórí fóònù.

Àwọn àgbò ti ń ké káàkiri àdúgbò, Ìléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ da eérú sẹ́yìnkùlé. Màámi kọ̀yìn sí mi. Ó ti po lẹ́búlẹ́bú náà mómi, omi náà pọ́n bí omi ọsàn, ó sì ní àwọn horo kéékèèké tó léfòó lójú rẹ̀. Ó ta aṣọ asẹ́ sórí ife mìíràn, ó da gbogbo rẹ̀ sí i. Ó dúró kó ro tán. Ó mu èyí tó ro sílẹ̀. Ó wá ká aṣọ náà, ó gbọn èyí tó kù nínú rẹ̀ sídìí ìbẹ́pẹ, àwọn adìẹ wa sì ti ń sáré bọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀. Wọ́n ti mọ àsìkò.

Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti eérú. Gbogbo fítámì tí Bọ̀dá ń rà láti Èrúwà, adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, inú sì ń bí mi, mo ti la ẹnu láti pariwo. Ni ìdérí agolo bá bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ orúnkún méjèèjì délẹ̀, ó mú un, ó dìde. Kò kan igi ìbẹ́pẹ. Ó ń kọrin lábẹ́nu.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo padà sí yàrá iwájú, mo pe Nọ́ọ̀sì Bámiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi rò pé fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Èyí tó yòrò sínú omi, á ti bá omi lọ sínú rẹ̀. Fítámì C máa ń yòrò. Àwọn tó kù, n ò mọ̀, adìẹ yín ni kẹ́ ẹ bi. Ó ń ká orúnkún ní tiẹ̀, ó ń nà án, àbí?"

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Mà."

"Kò fi orí ru ẹrù mọ́?"

"Rárá."

"Ó ń rìn?"

"Ó ń rìn."

"Fi í sílẹ̀ kó máa rìn. Bí ọdún bá kọjá, kó o wá sọ fún un."

Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ tó ní nínú agolo yẹn ló gbé orúnkún rẹ̀ dúró ńkọ́? Bí ìgbàgbọ́ náà bá yẹ̀ lórí pápá yídì? Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, mo sì rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan sódì, mo tú u, mo tún un rán sódì.

Àárọ̀ Ìléyá, Bọ̀dá gbé ọkọ̀ wá. Màámi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì tó ti di aṣọ rẹ̀ sí, ó gbé e sí bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Àdéhùn ni àdéhùn, ó ní. Bọ̀dá wò mí, mo wo ilẹ̀.

Òjò ti rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, ilẹ̀ yídì ṣì tutù. Ìlà àwọn obìnrin wà lẹ́yìn. Màámi tẹ́ ẹní ìrun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí kò sí òpó, tí kò sí igi. Lèmọ́mù kábárà. Kí Ọlọ́hun forí jì mí, ara mi ló ń kírun, ojú mi wà lára orúnkún ìyá mi. Ó lọ sílẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó jókòó, ó tún forí kanlẹ̀. Ìgbà tó yẹ ká dìde fún ráká kejì, mo gbọ́ orúnkún náà tó ró kó. Ó fi ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó dìde.

Ó wá ku ìforíkanlẹ̀ tó kẹ́yìn. Lèmọ́mù kábárà, gbogbo ìlà gbórí sókè, a jókòó. Màámi ò gbórí sókè. Iwájú orí rẹ̀ wà nílẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò mira. Ọwọ́ mi ti kúrò lórí itan mi kí n tó mọ̀. Bí mo bá fi ìka kan ṣoṣo kàn án, ó ti di ará Èrúwà nìyẹn. Bí n ò bá sì kàn án, tó jẹ́ pé kò lè dìde ńkọ́? Mo fa ọwọ́ mi padà, mo fi èkejì dì í mú, ẹ̀rù bà mí débi pé gbogbo ohun tó yẹ kí n kà pòórá lórí mi.

Ó gbórí sókè. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, a jọ ṣe sálámà. Nígbà tí wàásù parí, ó fi ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde, ó gbọn ẹní rẹ̀ nù.

"Màámi, kí ló ṣe yín nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Kò sí nǹkan. Ilẹ̀ náà tutù. Mo ní kí n dúró díẹ̀."

Bọ̀dá ti ń dúró nídìí ọkọ̀. Ó rí bí Màámi ṣe ń rìn bọ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí a délé, Màámi na ọwọ́ sí bọ́ọ̀tù.

"Ṣí i, kó o gbé báàgì mi wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n má gbẹ́rù."

Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó gbé báàgì náà tẹ̀ lé e wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí Bọ̀dá ti lọ, tí a ti pín ẹran tán, Màámi dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

Ó ní, "Làtí, bá mi tẹ́ ẹní."

Mo rò pé ara rẹ̀ ò yá. Ó ní kí n tẹ́ ẹ, mo tẹ́ ẹ. Ó jókòó sórí ẹní, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. N ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo jókòó tì í. Mo wá sọ ti aṣọ asẹ́ fún un, ti omi, ti ìdí ìbẹ́pẹ, gbogbo rẹ̀.

Ó wo àwọn adìẹ.

"Abájọ tí wọ́n fi ń sáré tó báyìí." Ẹ̀rín bú u, ó rín in títí ó fi di ikùn mú.

"Màámi, ẹ máà sẹ́ ẹ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀."

"Èmi ò lè mu nǹkan tó ń léfòó. Èyí tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kó gba inú aṣọ kọjá."

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ti tán. A jókòó síbẹ̀, àwọn èèyàn tó ń padà láti ibi ọdún ń kí wa lójú ọ̀nà, wọ́n ń wo Màámi lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Ẹ̀yin lẹ rò pé ìjókòó ni mo kórìíra. Mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá jókòó, n ò ní lè dìde mọ́. Lórí ilẹ̀ yídì láàárọ̀, mo mọ̀ pé mo lè dìde. Ni mo bá ní kí n dúró."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun màgàríbì, mo dìde, mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ náà títí mo fi fà á padà. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó fi ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, orúnkún ró kó, ó sì dìde.